Ẹ Bi Màmá Oníbàlúù: Rọ́bà Tí Bàbá Kan Ń Sá Fún, Òun Ni Ìyá Kan Ń Wá

Lẹ́tà oṣù yìí pọ̀, mo sì mọ ohun tó fà á. Iléèwé ti gba ìsinmi, òjò kò jẹ́ kí àwọn ọmọ rí ìta ṣeré, àwọn òbí sì ti rántí pé bàlúù rọ́bà kan wà nínú àpótí. Kò sẹ́ni tó bi mí nípa apá, kò sẹ́ni tó bi mí nípa ìrù. Rọ́bà, rọ́bà, rọ́bà ni gbogbo yín ń ké. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Físíìsì nínú Abẹ́òkúta yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun èlò tó já mọ́ mi lọ́wọ́ tó rọ́bà, nítorí náà mo lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ojú ìwé yìí: bàlúù tí à ń wí kò ní bátìrì, kò sì mu epo. Inú ilé tàbí inú gbọ̀ngàn la ti ń fò ó, níbi tí atẹ́gùn kò ti ní gbé e lọ. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni àárín rẹ̀, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí bébà ni apá àti ìrù. Abẹ̀bẹ̀ wà níwájú, ìkọ́ kékeré wà lẹ́yìn. Rọ́bà gígùn tí a so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀ di òrùka la fi kọ́ abẹ̀bẹ̀ mọ́ ìkọ́ ẹ̀yìn. A ó lọ́ rọ́bà náà títí yóò fi wé mọ́ra bí irun dídì. Bó bá ṣe ń tú ni abẹ̀bẹ̀ ń yí. Rọ́bà yẹn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, òun náà ni epo rẹ̀.

Ìbéèrè: *Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ àbúrò mi mú rọ́bà bàlúù bọ̀ láti Amẹ́ríkà, pákẹ́ẹ̀tì kan lọ́dún tó kọjá, òmíràn lọ́dún yìí. Iléeṣẹ́ kan náà ló ṣe é, fífẹ̀ kan náà ló wà lára pákẹ́ẹ̀tì méjèèjì, mo sì fi rúlà wọ̀n wọ́n, mìlímítà 3 ni wọ́n. Tọdún tó kọjá fò dáadáa. Tọdún yìí, bí mo ṣe fi bàlúù sílẹ̀ báyìí, ó ta gììrì lọ sókè, ó fi imú gbá àjà, ìrù rẹ̀ ṣẹ́. Mo ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ibi kan náà ló tún ń lọ. Kí ni mo ṣe tí kò dára? Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ọbáńtókò.*

Bàbá wa, ọwọ́ yín mọ́. Rúlà ló tàn yín jẹ.

Fífẹ̀ ni wọ́n fi ń ta rọ́bà bàlúù, ṣùgbọ́n fífẹ̀ nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ó tún ní bó ṣe nípọn tó, ìyẹn tó máa ń wà ní nǹkan bíi mìlímítà 1. Kí nínípọn yẹn fi bí irun orí kan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ojú yín kò ní rí i, rúlà kò ní rí i, abẹ̀bẹ̀ yóò sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní kálípà, irin ìwọ̀n ẹlẹ́nu méjì tó ń há nǹkan sáàárín, lè rò pé òun ti bọ́. Rárá o. Rọ́bà rọ̀. Bí ẹ bá fún ẹnu kálípà mọ́ ọn díẹ̀, ó ti tínrín. Bí ẹ bá dẹ̀ ẹ́, ó ti nípọn. Mo ti wọn ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́wọ́ kan, kí n sì rí ìdáhùn mẹ́ta.

Òṣùwọ̀n ni ká gbé e kà. Ẹ tẹ́ rọ́bà sórí tábìlì, ẹ má fà á, ẹ jẹ́ kó sùn fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ téèpù àwọn télọ̀. Ẹ gé mítà kan géérégé, kí ẹ wá mọ iye gíráàmù tó jẹ́. Iye yẹn, gíráàmù nínú mítà kan, ni orúkọ rọ́bà náà láti òní lọ. Ẹ fi bírò kọ ọ́ sára ọ̀rá tí ẹ ó tọ́jú rẹ̀ sí.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: níbo lẹ ti fẹ́ rí òṣùwọ̀n tó ń ka irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀? Alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Ṣàpọ́n ló kọ́kọ́ bá mi wọn tèmi. Ó gbé rọ́bà lé òṣùwọ̀n, ó wò mí lójú, ó ní, “Màmá, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti lù yín ní jìbìtì? Wúrà kọ́ nìyí o.” Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo ra tèmi ní Kútọ̀, irú èyí tó ń ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù, kò sì tóbi ju fóònù lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan nìkan lẹ ní, ọ̀nà wà. Ẹ wọn mítà 10 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wá fi 10 pín in. Ohun tí òṣùwọ̀n yín kò lè rí nínú mítà kan, yóò rí i nínú mẹ́wàá.

Èmi náà ti ní irú pákẹ́ẹ̀tì méjì bẹ́ẹ̀, ó sì wà nínú ìwé ìkọ̀wé mi. Àkọ́kọ́ jẹ́ gíráàmù 2.9 nínú mítà kan, ìkejì jẹ́ 3.3. Ẹni tó gbọ́ ọ lè ní, kí ni ìyàtọ̀ ìyẹn? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Rọ́bà kejì fi nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún sanra ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí rọ́bà bá ṣe sanra tó kọ́ ni agbára tó fi ń yí abẹ̀bẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Agbára yẹn máa ń sáré ju sísanra lọ. Bí rọ́bà bá sanra ní ìlọ́po méjì, agbára ìyí rẹ̀ á di nǹkan bí ìlọ́po méjì àti mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ìyẹn 2.8. Nítorí náà ìdá 14 tí ẹ kò kà sí yẹn di ìdá 20 ó lé lójú abẹ̀bẹ̀. Ẹni tó ń rọra gun òkè Olúmọ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ẹ̀yìn tì í lójijì. Kò ha ní fi orí gbá nǹkan?

Kí lẹ máa wá ṣe sí pákẹ́ẹ̀tì ọdún yìí? Ẹ má jù ú nù. Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí òrùka rọ́bà náà gùn díẹ̀ sí i, bóyá kí 30 di 33 sẹ̀ntímítà, kí ẹ sì lọ́ ọ ní iye tí ẹ ń lọ́ ọ tẹ́lẹ̀, ẹ má fi kún un. Rọ́bà tó gùn sí i, tí a kò lọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, yóò dẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Èkejì, bí ẹ bá ti lọ́ ọ tán, ẹ dá ìyí 60 tàbí 80 padà kí ẹ tó fi kọ́ abẹ̀bẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ yẹn ló ń gbé e lọ sí àjà, àwọn ìyí tí ẹ dá padà náà ló sì ń ni í lára jù. Ẹ̀rù á máa bà yín pé ẹ ń fi agbára ṣòfò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n agbára tó ṣẹ́ ìrù bàlúù náà kì í ṣe èrè.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ má dán wò: ẹ má fi sísọ́ọ̀sì gé ẹ̀gbẹ́ rọ́bà kí ó lè tínrín. Àwọn tó mọṣẹ́ ní ẹ̀rọ kékeré aláwẹ́ méjì tí wọ́n fi ń là á kó lè tọ́ láti òkè délẹ̀. Èmi fi sísọ́ọ̀sì aṣọ là á nígbà kan, etí rẹ̀ rí bí eyín ayùn. Ibi eyín kọ̀ọ̀kan ló ti ń já. Mẹ́rin já mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

Ìbéèrè: *Ẹ káàsán Màmá. Bàlúù àwọn ìbejì mi kò gun òkè rárá, ńṣe ló ń rìn yípo pálọ̀ bí adìẹ tó yó. Ó ń lo bí ìṣẹ́jú kan ó lé, á sì balẹ̀ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n tí a bá ka ohun tó ṣẹ́kù lára rọ́bà, nínú 900 tí a lọ́ ọ, 300 ṣì wà níbẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ní ká lọ́ ọ dé 1,100. Rọ́bà òhún jẹ́ gíráàmù 2.9 nínú mítà kan (mo ti ń tẹ̀ lé yín tipẹ́!), òrùka rẹ̀ jẹ́ 30 sẹ̀ntímítà. Ìyá Ìbejì, Ìbarà.*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Inú mi dùn sí lẹ́tà yín ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí pé ẹ ka ohun tó ṣẹ́kù. Mo ti ń bẹ àwọn òǹkàwé mi láti ìgbà pípẹ́ pé bí bàlúù bá balẹ̀, kí wọ́n má kọ́kọ́ wo aago. Kí wọ́n di abẹ̀bẹ̀ mú, kí wọ́n ka iye ìyí tó kù. Aago á sọ fún yín pé ó pẹ́ tàbí kò pẹ́. Iye tó kù ló máa sọ ìdí rẹ̀.

Bí bàlúù bá balẹ̀ tí kò sí ìyí kankan mọ́, tó tún jẹ́ pé òkè ló wà nígbà tí rọ́bà tán, rọ́bà náà sanra jù tàbí kó kúrú jù: ó ná gbogbo owó rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ti Bàbá Ọbáńtókò nìyẹn. Bí ó bá balẹ̀ tí ìdá kan nínú mẹ́ta ṣì kù bíi tiyín, rọ́bà náà tínrín jù fún bàlúù yín. Ìyí 300 yẹn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lágbára tó láti yí abẹ̀bẹ̀ yẹn lọ́nà tí bàlúù á fi dúró lókè. Ẹrù lẹ ń gbé kiri. Ibi tí mo máa ń fẹ́ kó wà ni kí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣẹ́kù nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ilẹ̀.

Àbúrò ọkọ yín fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, ẹ bá mi kí i, ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ́ ọ dé 1,100, ìbẹ̀rẹ̀ ni agbára máa pọ̀ sí i, 300 ìkẹyìn kò ní yí padà. Ẹlòmíràn tún lè ní kí ẹ gé rọ́bà náà kúrú. Ìyẹn náà kọ́. Rọ́bà kan náà tí a gé kúrú ṣì tínrín bákan náà. Iye ìyí ló máa dín kù, agbára ìyí kò ní yàtọ̀.

Ohun tí ẹ nílò ni rọ́bà tó sanra díẹ̀ sí i, tó kúrú díẹ̀ sí i, tí ìwọ̀n gíráàmù rẹ̀ lápapọ̀ kò sì yí padà. Òrùka 30 sẹ̀ntímítà yín jẹ́ 60 sẹ̀ntímítà rọ́bà, gíráàmù 1.74. Bí ẹ bá rí rọ́bà tó jẹ́ 3.3 nínú mítà kan, gíráàmù 1.74 rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 53 sẹ̀ntímítà, tí òrùka rẹ̀ á jẹ́ 26 ó lé díẹ̀. Ẹ fi sẹ̀ntímítà kan àbọ̀ kún un fún ìdí tí ẹ máa so. Níbo lẹ ti máa rí 3.3? Ó dà bíi pé bàbá kan wà ní Ọbáńtókò tó ń wá ẹni tí yóò bá a pààrọ̀. Kí ẹ̀yin méjèèjì kọ̀wé sí mi.

Ìyá Ìbejì tún béèrè bí wọ́n ṣe lè máa dán rọ́bà wò nínú pálọ̀ tí àjà rẹ̀ kò ga. Ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ẹ gé rọ́bà tó jẹ́ ìdá mẹ́rin kan gígùn èyí tí ẹ fẹ́ lò, kí ó má tínrín, kí ó má sanra jù ú lọ. Ẹ wá fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ tàbí wáyà dí àlàfo ìdá mẹ́ta tó kù láàárín rọ́bà àti ìkọ́ ẹ̀yìn. Ẹ fi òṣùwọ̀n rí i dájú pé rọ́bà kékeré àti ọ̀pá náà lápapọ̀ tẹ̀wọ̀n tó odindi rọ́bà. Bí kò bá tó, ẹ lẹ amọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ lọ́ ọ ní ìdá mẹ́rin kan iye tí ẹ̀ bá lọ́ odindi. Bàlúù máa fò bí ó ṣe máa fò gan-an, àmọ́ kò ní gùn ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan gíga tí odindi máa gùn dé. Ẹ sọ ìṣẹ́jú tó lò di ìlọ́po mẹ́rin, ẹ ti mọ ohun tí odindi rọ́bà máa ṣe nínú gbọ̀ngàn. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí èmi àti àwọn ọmọ ń lò ní ọjọ́ Sátidé ga tó nǹkan bíi mítà 6, fáànù mẹ́jọ sì wà lókè níbẹ̀. Bí mo bá ti fi ìdá mẹ́rin dán an wò nílé, mo mọ̀ kí n tó kúrò nílé bóyá fáànù máa jẹ ẹ́. (Ẹ pa fáànù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ ò mọ̀. Àwa náà mọ̀, iná tó lọ ló jẹ́ ká gbàgbé pé kò sẹ́ni tó pa á. Iná dé lójijì nígbà tí bàlúù ọmọ kékeré kan wà lókè.)

Ìbéèrè: *Màmá, ẹ ò kí ń sọ iye kan pàtó. Ìlọ́ mélòó ni rọ́bà gbà? Ọ̀dọ́ kan, Pánṣẹ́kẹ́.*

Mi ò sọ ọ́ nítorí pé mi ò rí rọ́bà rẹ, ọmọ mi. Já ọ̀kan.

Mo ní kí o já a. Nínú pákẹ́ẹ̀tì tuntun kọ̀ọ̀kan, ṣe òrùka kan tí o kò ní lò. Fi òróró pa á (irú èyí tí mo dárúkọ fún mẹkáníìkì nísàlẹ̀), fà á díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún gígùn rẹ̀, dì í mú bẹ́ẹ̀, jẹ́ kó padà, tún un ṣe lẹ́ẹ̀mélòó kan. Jẹ́ kó sinmi. Lẹ́yìn náà fi kọ́ ohun tó le, fà á títí yóò fi di bí ìlọ́po márùn-ún, kí o wá máa lọ́ ọ. Bí o bá ti lọ́ ọ dé ìdajì ohun tí o rò pé ó máa gbà, máa rìn bọ̀ wá síwájú bí o ṣe ń lọ́ ìyókù. Máa kà títí yóò fi já. Wọ gíláàsì ojú, rọ́bà kì í kí ènìyàn kó tó nà án. Bí ó bá já ní 1,200, máa lo 950 tàbí 1,000, má kọjá bẹ́ẹ̀.

Àti ìgbà yẹn lọ, ìṣirò ló kù. Bí o bá mú òrùka gùn sí i láti inú rọ́bà kan náà, iye ìyí ń pọ̀ ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: 30 sẹ̀ntímítà gba 1,000, 36 á gba 1,200. Bí gígùn bá dúró sójú kan tí sísanra sì di ìdajì, iye ìyí á di nǹkan bí ìlọ́po 1.4: 1,000 á di 1,400. Dírìlì ọlọ́wọ́ àwọn káfíńtà dára fún lílọ́ ọ. Kọ́kọ́ kà á pé bí o bá yí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹnu rẹ̀ yí ní ẹ̀ẹ̀mélòó. Tèmi ń yí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin.

Ìbéèrè: *Ẹ̀yin Màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n ojú ìwé odindi fún eré ọmọdé? Ọ̀gá tó ti fẹ̀yìn tì, Òkè-Ìlẹ̀wọ́.*

Ẹ ṣé, ọ̀gá wa. Ní ọdún 1871, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Alphonse Pénaud, fò bàlúù rọ́bà nínú ọgbà Tuileries ní Paris fún ìṣẹ́jú àáyá 11. Ní ọdún 1878, bíṣọ́ọ̀bù kan ní Amẹ́ríkà ra ohun ìṣeré kan tí rọ́bà ń yí fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, irú èyí tí Pénaud ṣe. Wilbur jẹ́ ọmọ ọdún 11, Orville jẹ́ 7. Wright ni orúkọ bàbá wọn. Ní 1903, àwọn méjèèjì fò nínú ọkọ̀ òfurufú ẹlẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fúnra wọn, ẹ mọ ìyókù.

Àwọn àgbàlagbà náà ṣì ń díje lórí rẹ̀ títí dòní. Ẹ̀ka kan wà tí wọ́n ń pè ní F1D, tí FAI, àjọ àgbáyé fún eré ìdárayá orí afẹ́fẹ́, ṣòfin rẹ̀. Apá bàlúù náà kò gbọ̀dọ̀ ju 55 sẹ̀ntímítà lọ, bàlúù fúnra rẹ̀ kò gbọ̀dọ̀ dín sí gíráàmù 1.4, èyí tí kò tó ìwọ̀n kóró ṣúgà kan. Rọ́bà rẹ̀ kò gbọ̀dọ̀ ju gíráàmù 0.4 lọ. Wọ́n ti gbé ìdíje rẹ̀ wọ inú ihò tí wọ́n ti wa iyọ̀ tẹ́lẹ̀ ní Slănic, ní Romania, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, òkè rẹ̀ sì ga gan-an. Níbi tí òfin ti ka gíráàmù 0.4, ṣé rúlà lẹ rò pé wọ́n fi ń yan rọ́bà? Ẹ bọ̀ ní Sátidé, ọ̀gá. Àga wà.

Ìbéèrè: *Màmá, rọ́bà mi gbẹ, mo fi epo ẹ́ńjìnnì tó kù nínú agolo pa á. Ọjọ́ kejì ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹ̀kọ. Mẹkáníìkì, Lafẹ́ńwá.*

Ó ti kú, ẹ sin ín. Epo ẹ́ńjìnnì, kẹrosíìnì, fasilíìnì, gbogbo ohun tó bá ti inú epo rọ̀bì jáde ló ń jẹ rọ́bà. Epo làrà ni àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ń lò láyé àtijọ́, ìyẹn kásítọ̀ọ̀lù tí àwọn ìyá wa fi ń fọ inú wa nígbà ìsinmi, ó sì dára títí dòní. Òróró sílíkóònì náà dára. Bí ẹ kò bá rí èyíkéyìí, gilisíríìnì pẹ̀lú ọṣẹ olómi díẹ̀. Ẹ̀kán méjì tó. Ẹ fi ọwọ́ rà á lára títí yóò fi máa dán, kí ẹ nu ìyókù kúrò kó má baà ta sí apá bàlúù.

Ẹ so ìdí rẹ̀ kí ẹ tó fi òróró kàn án, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi itọ́ pa ibi tí ẹ fẹ́ so kó má baà fi ara gbo ara rẹ̀. Tí ẹ bá lò ó tán, inú ọ̀rá tó di, inú òkùnkùn, ibi tútù. Oòrùn àti ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Mo gbàgbé ọ̀rá kan sí iwájú mọ́tò ní oṣù Kẹta, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹ ò fẹ́ mọ bó ṣe rí.

Ìbéèrè: *Ẹ kú àárọ̀ mà. Bàbá mi sọ pé òun ò ní owó tí òun máa fi ra rọ́bà òkè òkun. Ṣé mo lè lo rọ́bà kànnàkànnà tí vọ́kànáísà gé fún mi lára túùbù, tàbí rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó, tàbí ẹlásítíìkì àǹtí mi tó jẹ́ télọ̀? Àpapọ̀ bàlúù mi jẹ́ gíráàmù 7, mo fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ àti àwo fóòmù ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ SS2, Àṣerò.*

Gíráàmù 7 láti inú ọ̀pá ìgbálẹ̀ àti àwo fóòmù! O káre. Mo ti rí àwọn tó fi owó ńlá ra bálísà, igi tó fúyẹ́ gan-an, tí tiwọn sì wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Dá ẹlásítíìkì padà fún àǹtí rẹ kó tó wá a. Òwú ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, kò lè nà ju ìlọ́po méjì ó lé díẹ̀ lọ. Ti túùbù náà kò dára, ìdí rẹ̀ sì dùn ún gbọ́: rọ́bà àtọwọ́dá kan tí wọ́n ń pè ní butyl ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ túùbù. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni. Bí o bá fà á, ó gba agbára rẹ. Bí o bá fi sílẹ̀, díẹ̀ ló dá padà, ìyókù ti di ooru nínú rẹ̀. Kànnàkànnà lè gba ìyẹn mọ́ra nítorí pé apá rẹ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bàlúù kò lè gbà á. Rọ́bà bàlúù gidi ti ara igi rọ́bà wá, oje igi tí wọ́n sè pẹ̀lú imí ọjọ́, bí Charles Goodyear ṣe ṣàwárí rẹ̀ ní 1839.

Rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó ló sún mọ́ ọn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé oje igi wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba. Wá èyí tó fẹ̀ tó tún gùn jù, irú èyí tí àwọn alágbàtà ń fi dì ìdì owó ńlá, kí o gé e lójú kan kó di okùn kan ṣoṣo, kí o wá so méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Má so ogún kéékèèké pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ibi ìdí kọ̀ọ̀kan ni yóò ti máa há mọ́ra.

Bí o bá sì fẹ́ mọ èyí tó dára nínú wọn, má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, wọ̀n ọ́n. Kọ́ rọ́bà kan sí ìlẹ̀kùn, kí o fi ìkọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gbé omi inú ọ̀rá kan kọ́ ọ, ìyẹn tó nǹkan bíi gíráàmù 500, kọ gígùn rọ́bà sílẹ̀. Bí ó bá tínrín jù fún odindi ọ̀rá, da omi díẹ̀díẹ̀ sínú ike kí o máa fi ìyẹn wọ̀n ọ́n. Fi kún un, kọ ọ́. Fi kún un, kọ ọ́, títí yóò fi kọ̀ láti nà mọ́. Lẹ́yìn náà máa yọ omi kúrò bí o ṣe fi í sí, kí o sì máa kọ gígùn rẹ̀ bó ṣe ń padà. Yà á sórí bébà gíráàfù: ìlà tó lọ àti ìlà tó bọ̀. Wọn kò ní gba ojú kan náà. Àlàfo tó wà láàárín ìlà méjèèjì ni agbára tí rọ́bà jẹ mọ́ ọ lọ́wọ́. Rọ́bà tí àlàfo rẹ̀ bá kéré jù, tó sì nà jù, òun ni kí o kó sínú bàlúù. Ṣe ti túùbù náà pẹ̀lú, kí o fi ojú ara rẹ rí i.

Fún gíráàmù 7, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà gíráàmù 2, kí òrùka rẹ̀ fi bí ìdá márùn-ún kan gùn ju àlàfo àárín ìkọ́ méjèèjì lọ. Mú bébà tí o yà náà bọ̀ ní Sátidé, mo fẹ́ rí i. Kí o sì fi abọ́ sábẹ́ ìlẹ̀kùn yẹn kí o tó gbé omi kọ́ ọ.